Ibi Tí Ojú Kò Ríran, Ọpọlọ Ló Ń Dí I

Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ẹ gbé àtàǹpàkò méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ di ojú òsì, kí ẹ fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ èékánná àtàǹpàkò òsì, ẹ má gbójú kúrò níbẹ̀. Wàyí, ẹ rọra máa sún ọwọ́ ọ̀tún lọ sápá ọ̀tún. Tó bá tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, orí àtàǹpàkò yẹn yóò pòórá. Ẹ sún un síwájú díẹ̀ sí i, yóò tún yọ.

Kì í ṣe àìsàn. Ibi tí iṣan tó ń gbé ìran lọ sínú ọpọlọ ti gba ẹ̀yìn ẹyinjú jáde ni, kò sí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ rárá. Edme Mariotte, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé a kì í rí ihò kankan níbẹ̀. Àwọ̀ ohun tó wà láyìíká ni ọpọlọ fi ń dí àlàfo náà, kò sì ní sọ fún wa pé òun fi nǹkan kún un.

Etí náà kì í dá ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1976, àwọn olùṣèwádìí Harry McGurk àti John MacDonald fi fíìmù ẹni tí ètè rẹ̀ ń pe “ga” han àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ohùn “ba” ni wọ́n fi sí i. “Da” ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà gbọ́. Tí ẹ bá dijú, “ba” lẹ máa gbọ́.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, lóòótọ́ ni. Ojú yìí kan náà la fi ń sọdá títì láìfarapa. Àmọ́ tí ẹ̀wọ̀n ẹlòmíì bá rọ̀ mọ́ àfojúbà, ó yẹ ká yẹ ojú wò.

Lóṣù Keje ọdún 1984, ọkùnrin kan fipá bá Jennifer Thompson lò pọ̀ nílé rẹ̀ ní Burlington, ìpínlẹ̀ North Carolina, Amẹ́ríkà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ wo ojú ọkùnrin náà fínnífínní kó má baà gbàgbé. Ronald Cotton ló nawọ́ sí, nínú fọ́tò àti lójúkojú, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ lọ́dún 1987, wọ́n mú Bobby Poole, ọkùnrin mìíràn tí wọ́n ní ó lè jẹ́ òun ló ṣe é, wọ kóòtù. Thompson ní òun ò rí i rí. Lọ́dún 1995, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Poole gan-an ló ṣe é. Cotton ti lò ju ọdún 10 lọ lẹ́wọ̀n.

Thompson kò purọ́, ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bó ṣe ń rí Cotton léraléra, ojú Cotton ló wọnú ìrántí rẹ̀, tó sì gbapò ojú ọ̀daràn.

Lọ́dún 2007, North Carolina ṣòfin lórí bí ẹlẹ́rìí ṣe ń dá ọ̀daràn mọ̀. Ọlọ́pàá tó ń fi fọ́tò han ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ mọ ẹni tí wọ́n fura sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa fi fọ́tò hàn án, wọ́n á sì sọ fún un pé ọ̀daràn lè máà sí níbẹ̀. Tó bá nawọ́ sí ẹnì kan, wọ́n á bi í lójú ẹsẹ̀ bó ṣe dá a lójú tó, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde.