Àṣìṣe tó ń jẹ́ kí omi wó ilé àjogúnbá n'Ìbàdàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ àti fún àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n bó bá kan ilé tí wọ́n fi amọ̀ mọ, omi gan-an ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹni tó bá dúró lórí òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n parí ní ọdún 1929 wà, tó sì wo ìsàlẹ̀ lọ sí ìhà Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnkà, páànù tó ti dípẹtà ni yóò máa rí lọ títí. Lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ páànù wọ̀nyí, ògiri amọ̀ tí àwọn baba ńlá mọ ló ṣì wà níbẹ̀, tí ọmọ àti ọmọ ọmọ ń gbé inú rẹ̀.

Nígbà tí àgbà tó ń tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀ bá papò dà, ọmọ tó dàgbà sí ibòmíràn, tí kò gbé inú ilé amọ̀ rí, ló sábà máa ń di onílé ní ọ̀sán kan òru kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé àtijọ́, ni àṣìṣe pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ilé náà o. Owó ni wọ́n ń ná lé e lórí, iṣẹ́ ni wọ́n sì ń gbé fún oníṣẹ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí wọ́n ṣe gan-an ló ń jẹ́ kí ilé náà tètè wó.

Bí wọ́n bá dárúkọ omi n'Ìbàdàn, omíyalé ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Àwọn àgbà ìlú kò gbàgbé ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ tòun ti dúkìá wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, nígbà tí omi tún pa ènìyàn tó lé ní 100. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni omíyalé ń dé, gbogbo ayé a sì rí i. Omi tó ń wó ilé amọ̀ kì í pariwo. Ihò ìṣó kan ṣoṣo ló lè gbà wọlé, tàbí kó gba ẹsẹ̀ ògiri gòkè, ó sì lè lo ọdún mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́ ibi rẹ̀ kí onílé tó fura. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ó yẹ kí onílé tuntun kọ́kọ́ mọ ohun tí ògiri rẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́. Àwọn tó mọ ọ́n bu omi sí i, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi lẹ̀ mọ́ra, wọ́n wá mọ ìpele kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Kò sí iná tó sun ún bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò. Gbígbẹ nìkan ló fún un lágbára. Nítorí náà, ògiri amọ̀ tó gbẹ lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún láìmì, ṣùgbọ́n èyí tí omi bá padà wọ inú rẹ̀ yóò tún di ẹrẹ̀ tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti mọ èyí. Ní agbègbè Devon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé amọ̀ tó ti pẹ́ gan-an ṣì wà títí di òní, wọ́n máa ń wí pé bí ilé amọ̀ bá ti ní fìlà tó dára àti bàtà tó dára, kò ní wàhálà. Òrùlé ni fìlà, ìpìlẹ̀ ni bàtà. Gbogbo àṣìṣe tí àwọn onílé tuntun ń ṣe, bóyá fìlà ni wọ́n ṣì dé, tàbí bàtà ni wọ́n ṣì wọ̀.

Àṣìṣe kìn-ín-ní ni kí ènìyàn lọ wo ilé nínú ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ n'Ìbàdàn, gbogbo ògiri a sì dà bí òkúta. Ẹni tó fẹ́ ra ilé tàbí tó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé ẹbí gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ó sì wo ibi tí omi ń gbà lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn jù lọ, kí ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ògiri, kí ó sì gbóòórùn. Ibi tí ó bá tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, omi ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Àṣìṣe kejì ni kí onílé kun ọ̀dà lé àbàwọ́n lórí. Bí àjà bá ti ní àmì roboto tó pọ́n bíi tíì, ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ nítorí àlejò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àmì náà ni ìwé tí omi kọ ránṣẹ́. Ohun tí kò tún yé wọn ni pé ibi tí omi ti ń kán kọ́ ló ti ń wọlé. Omi lè gba ihò kan wọlé ní apá òkè, kí ó gun orí igi òrùlé lọ ní ìwọ̀n mítà méjì tàbí mẹ́ta, kí ó tó kán sílẹ̀. Kápẹ́ńtà tó bá dí ọ̀gangan ibi tí omi ti ń kán, ibi tí kò dùn ún ló ń fi oògùn pa. Kí ẹnì kan wọ inú àjà ní ọ̀sán gangan, kí ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń yọ lára páànù, ibẹ̀ ni ojú egbò.

Ìkẹta ni bí wọ́n ṣe ń kan páànù. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi síńkì bò ni páànù àtijọ́. Síńkì yìí ló ń jìyà kí irin má baà dípẹtà, nígbà tí ó bá sì tán, irin a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ibi tó ga lára páànù ni ó yẹ kí ìṣó wà, nítorí inú kòtò rẹ̀ ni omi ń ṣàn gbà. Ìṣó tí wọ́n bá kàn sínú kòtò, ojú ọ̀nà omi gan-an ni wọ́n lu ihò sí. Ìjì òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ti ìparí rẹ̀ sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, nítorí náà, kí ẹnu páànù tó gorí ara wọn má ṣe kọjú sí ìhà yẹn. Kí wọ́n sì wo igi kí wọ́n tó kan páànù tuntun, nítorí igi tí omi ti rin àti èyí tí ikán ti jẹ kò lè di ìṣó mú.

Àṣìṣe kẹrin ń wá láti inú afẹ́ àṣà. Àwọn àgbà jẹ́ kí etí òrùlé yọ jáde dáadáa kọjá ògiri, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè jábọ́ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn onílé tuntun kan a gé e kúrú kí ilé lè dà bí ti ìgbàlódé. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí òrùlé ilé kan bá gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, òjò tó jẹ́ mílímítà 50 lọ́jọ́ kan yóò da lítà 5,000 omi lé e lórí. Èyí tó dúrọ́ọ̀mù ńlá 25 tó ń gba lítà 200. Bí etí òrùlé bá kúrú, ẹsẹ̀ ògiri ni gbogbo omi yìí yóò máa nà.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìkarùn-ún, ìyẹn rírẹ́ sìmẹ́ǹtì mọ́ ògiri amọ̀. Onílé a rò pé òun fún ilé ní ìhámọ́ra. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì le, amọ̀ rọ̀. Bí amọ̀ bá mu omi, ó ń wú, bí ó bá gbẹ, ó ń sún kì, sìmẹ́ǹtì kò sì lè bá a ṣe é. Láìpẹ́, sìmẹ́ǹtì yóò sán, omi òjò yóò gba ojú ibi tó sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ojú ògiri yóò máa dán níta, nígbà tí amọ̀ ń di ẹrẹ̀ nínú. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fi ìka kan ògiri tó sì ń dún bí ìlù, sìmẹ́ǹtì ti kúrò lára amọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó bá ògiri amọ̀ mu ni ilẹ̀ pupa bíi tirẹ̀, tí wọ́n pò dáadáa. Bí onílé bá fẹ́ kí ó le díẹ̀ sí i, ìwọ̀nba sìmẹ́ǹtì, bí ìdá 5 nínú ìdá 100, ni kí wọ́n pò mọ́ ọn. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n sì ṣe é, lẹ́yìn tí ògiri bá ti gbẹ tán.

Àṣìṣe kẹfà wà ní ẹsẹ̀ ilé. Ní àwọn agbo ilé tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àgbàrá ti gbá erùpẹ̀ lọ títí ìpìlẹ̀ ilé mìíràn fi yọ síta. Ní ibòmíràn, wọ́n ti kó erùpẹ̀ tàbí kọ́ńkéré lé ojú ọ̀nà léraléra débi pé ìta ga ju inú ilé lọ, omi a sì dorí kọ ògiri. Onílé mìíràn a tún kọ́ balùwẹ̀ ti ara ògiri amọ̀, tàbí kí ó da kọ́ńkéré sí àgbàlá láìjẹ́ kí ó lejú síta. Kí àgbàlá lejú kúrò lára ògiri, kí gọ́tà ilé wọ gọ́tà àdúgbò, kí pàǹtí má sì sí nínú gọ́tà, nítorí gọ́tà tí ẹnì kan dí lókè ni yóò wó ilé aládùúgbò rẹ̀ nísàlẹ̀.

Àṣìṣe keje kò sí lọ́wọ́ oníṣẹ́ rárá. Ilé ẹbí jẹ́ ti gbogbo ọmọ, nítorí náà, kì í sí ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹni tó wà ní Èkó ń retí ẹni tó wà nílé, ẹni tó wà nílé ń retí owó láti òkè òkun, páànù kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ ṣí sì ń gbé omi sórí ògiri ní gbogbo òjò. Ohun tí owó páànù kan ì bá ti parí yóò wá di owó ògiri odidi. Ẹbí tó bá gbọ́n, yálà mọ́gàjí ló pè wọ́n jọ tàbí àkọ́bí, yóò yan ẹnì kan tí yóò máa gun òkè wo òrùlé, yóò sì máa dá owó díẹ̀ lọ́dọọdún ṣáájú òjò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há, bí ògiri bá sán débi pé ìka wọ ibẹ̀, tó sì ń fẹ̀ sí i, tàbí tó bá yọ ikùn síta, kì í ṣe àkókò àti kun ọ̀dà nìyẹn. Kí wọ́n kó àwọn ọmọdé àti àgbà kúrò nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n sì pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ewu ti tán nítorí pé òjò ti dá. Amọ̀ a máa mu omi títí, ògiri sì lè wó lóru ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn.

Ní ìlú Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní ọdún 1907. Ó ṣì dúró, kì í ṣe nítorí pé amọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, bí kò ṣe pé àwọn ará ìlú máa ń jáde lọ́dọọdún, tọmọdé tàgbà, láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ilé baba rẹ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba. Kí ó gun òkè wo òrùlé nínú oṣù Kejì, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó wo àjà àti ẹsẹ̀ ògiri lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́. Kí ó kó gọ́tà rẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó parí, nítorí òjò oṣù Kẹsàn-án ń bọ̀. Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.