Kí Ló Wà Nínú Ìkorò Ewúro?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ta ni kò mọ ewúro nínú wa? Àwọn Haúsá tí a jọ wà nínú ọgbà yìí ń pè é ní shuwaka, àwọn Ìgbò ń pè é ní onugbu. Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa fi odindi ọjọ́ mẹ́rin mu omi rẹ̀ sí ibà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí a tó fi tipátipá gbé e dé ilé ìwòsàn. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé bó bá ṣe korò tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ohun tó mú ewé náà korò ni vernodalin, vernolide àti àwọn ìbátan wọn. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tí à ń pè ní flavonoid, tí luteolin jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Iṣẹ́ tiwọn ni láti dá ọwọ́ ọ́síjìn dúró. Ẹ wo irin tó dógùn-ún, tàbí ìkàn tí a là sílẹ̀ tí inú rẹ̀ ń dúdú. Ọ́síjìn lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Nínú ara wa náà, àwọn èérún kan wà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan dín lára wọn, wọn a sì máa já ti ẹlòmíràn gbà, bí ẹni tí olè jà tí òun náà wá di olè. Luteolin a máa fún wọn ní tirẹ̀, ìjà a sì parí.

Ní ọdún 1994, Igile àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ luteolin àti ìbátan rẹ̀ méjì jáde láti inú ewúro. Luteolin ló lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Agbára rẹ̀ jọ ti BHT, kẹ́míkà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi sínú òróró kó má baà tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n inú ìgò ìdánwò ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe nínú ara aláìsàn.

Bí àwọn ìyá wa bá fi iyọ̀ gbo ewúro, ìkorò ń bá omi lọ, díẹ̀ nínú flavonoid náà sì ń tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, wọn kò jẹ̀bi. Ní òkè Mahale ní Tanzania, àwọn olùwádìí ti rí ìnàkí tí ara rẹ̀ kò yá, tó ń bó èèpo ewúro, tó ń sọ ewé rẹ̀ nù, tó wá ń jẹ inú igi rẹ̀ nìkan. Ewé àti èèpo ni vernodalin pọ̀ sí. Ẹranko mọ̀ pé ìkorò ní ìwọ̀n!

Dídá ọwọ́ ọ́síjìn dúró kọ́ ni pípa kòkòrò ibà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ibà ń fẹ́, àti oògùn rẹ̀ gan-an. Ọ̀rẹ́ wa lo tirẹ̀, ara rẹ̀ sì dá. Ó ṣì ń jẹ ewúro, ṣùgbọ́n inú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni.