Tètè, Yára àti Kánjú

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìtumọ̀ kan náà ni "tètè" àti "yára" ní, àti pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, "quickly", tó láti túmọ̀ méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣìṣẹ́ méjì tí ń gbé Oko Ọba, ní Agége, ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé agogo 7 òwúrọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wọn ní Ìkẹjà. Èkínní jáde nílé ní agogo 5, ó rọra ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó sì dé kí agogo 7 tó lù. Èkejì sùn títí agogo 7 fi ku ìṣẹ́jú 10. Ó fò gun kẹ̀kẹ́, ó ń sáré bí ẹni tí ẹkùn ń lé, síbẹ̀ iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé. Èkínní tètè dé, bí kò tilẹ̀ yára rìn. Èkejì yára, ṣùgbọ́n kò tètè dé.

Àkókò tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni "tètè" ń tọ́ka sí. Bí a ti ṣe nǹkan náà ní wàrà ni "yára" ń sọ. Nítorí náà ni a fi ń wí pé, "Ó tètè jí." Ní Gẹ̀ẹ́sì, "early" tàbí "soon" ni ó sábà máa ń bá "tètè" mu, "quickly" ni ti "yára". Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "quickly" sí ipò "early" nínú ìwé tí ó fi ń wá iṣẹ́ ti yin ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò tíì sọ pé òun kì í pẹ́ lẹ́yìn.

"Kánjú" tún yàtọ̀. Alápatà tí ó mọ iṣẹ́ ní odò ẹran Oko Ọba lè kun màlúù kíákíá láìṣe àṣìṣe. Ẹni tí ó bá kun ún tìkánjútìkánjú lè fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. "Hurriedly" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí. Bí ọ̀gá bá kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kan ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ìyìn ni. Bí ó bá kọ ọ́ pé tìkánjútìkánjú ni, ẹ̀sùn ni, ó sì lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni náà. Àwọn àgbà kò ṣèèṣì wí pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Nítorí náà, kí o tó kọ ọ̀kan nínú wọn, bi ara rẹ léèrè: ṣé àkókò ni mo fẹ́ sọ ni, tàbí ìyára, tàbí àìfarabalẹ̀? Ìdáhùn rẹ ni yóò yan ọ̀rọ̀ fún ọ.