Láti ẹyin dé ọjà: bí ẹja àrọ̀ ṣe ń dàgbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rí ọmọ àrọ̀ tí ẹ ń rà?

Nínú odò, àrọ̀ máa ń yé ẹyin nígbà òjò, tí omi bá kún bo koríko. Nínú kòtò ẹja, kì í sábà yé. Nítorí náà, wọ́n á gún abo ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó. Tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 10 sí 12, wọ́n á tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin á jáde. Abo tó wọn kílò 1 lè ní ẹyin bíi 60.000. Wọ́n á pa akọ, wọ́n á yọ àtọ̀ inú rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ ẹyin.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, ẹyin á pa. Fún nǹkan bí ọjọ́ 3, oúnjẹ tí ọmọ ẹja gbé sábẹ́ ikùn ló ń jẹ. Lẹ́yìn náà, kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi ni à ń fún un, kí oúnjẹ lílọ̀ tó kan.

Ibí ni ewu wà: àwọn tó tètè dàgbà á máa gbé àwọn kékeré mì. Ẹ máa ṣà wọ́n: ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ebi pa wọ́n.

Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n tó kó sí kòtò. Tí oúnjẹ bá tó, ní nǹkan bí oṣù 6, wọ́n tó tà.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọmọ ẹja, ẹ yan àwọn tó dọ́gba, tí ara wọn yá. Ẹ má ra àdàlù, kí ẹja tí ẹ fowó rà má baà jẹ ara wọn tán.