Agbára Sípíkà Inú Ilé àti Etí Àwọn Ọmọ Wa

Ní Ẹ̀sà-Òkè, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Iléṣà àti Òṣogbo, àwọn ìdílé ti ń fi sípíkà ńláńlá wo sinimá nínú ilé. Bí a bá dé ìsọ̀, iye wáàtì tí ó wà lára páálí ni olùtà kọ́kọ́ ń fi hàn wá. Ṣé wáàtì tí ó pọ̀ jù lọ ni ó yẹ kí á máa wá?

Kí ni wáàtì ń ṣe?

Wáàtì ni òdiwọ̀n agbára tí àǹpílífáyà, ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè, ń fún sípíkà. Dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ti ga tó. Wáàtì 1 péré lè mú kí ọ̀pọ̀ sípíkà ilé dún tó dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 85 sí 90 fún ẹni tí ó wà ní mítà 1 sí i. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni yóò fi lé e. Ẹni tí ó fi wáàtì 100 sílẹ̀ tí ó ra 200 kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ gbà. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré jù kò dára: bí a bá yí i dé òpin, ohùn rẹ̀ yóò máa fọ́, ó sì lè ba sípíkà jẹ́. Ẹ yan èyí tí ń dún kedere láìjẹ́ pé ẹ yí i dé òpin.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Àwọn ẹ̀yà tín-ín-rín bí irun wà nínú etí tí ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ. Bí ariwo bá pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́. Kí àgbàlagbà má ṣe wà nínú ariwo dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́; bí ó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 ti tó. Ti ọmọdé kò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó lè máa gbẹ́yìn ní ilé-ìwé, kí á sì máa nà án bí olóríkunkun.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣe

1. Ẹ má ṣe tẹ́ ọmọ ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ sípíkà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé jókòó síwájú rẹ̀.

2. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ yín lè tó gbọ́ yín, ohùn ti ga jù. Ẹ dín in kù.

3. Ẹ má ṣe fi sípíkà bá jẹnẹrétọ̀ díje. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, nítorí ariwo rẹ̀ àti nítorí èéfín rẹ̀ tí ń pani.

4. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn sinimá, tàbí tí ọmọ ń béèrè pé "Kí lẹ wí?" nígbà gbogbo, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn láìfi falẹ̀.

A lè ra sípíkà mìíràn ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n a kò lè ra etí mìíràn fún ọmọ.