Ibi Tí Ìdárayá Èjìká Tó Ń Yẹ̀ Ti Wá

Bí èjìká ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá yẹ̀ nídìí àwọ̀n l'Ẹ̀pẹ́, tàbí nídìí garawa iyanrìn ní ọ̀sà Ìkòròdú, àgbà tó bá wà nítòsí kì í pẹ́ sọ pé yóò tún yẹ̀. Àgbà náà kò purọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ yẹ̀ kó tó pé ogún ọdún, àfàìmọ̀ kó má tún yẹ̀. Ẹni tó ti lé ní 40 ọdún kì í sábà rí i lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ iṣan tirẹ̀ lè ti ya. Orí eegun apá tóbi, ihò tó jókòó sí kò jìn, bí ọsàn tí wọ́n gbé ka ẹnu ife kékeré. Okùn tó so eegun pọ̀ àti ètè tó yí ihò náà ká ló dì í mú, iṣan mẹ́rin sì wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń fà á wọlé nígbàkigbà tí apá bá ń ṣiṣẹ́. Bí okùn bá ti ja tàbí tó ti dẹ̀, iṣan nìkan ló kù tí a lè kọ́ níṣẹ́. Inú òye yìí ni ìdárayá tí wọ́n ń ní kí aláìsàn lọ máa ṣe nílé ti jáde, òye náà kò sì tètè dé.

Ta ló mú un dé? Àríyànjiyàn orí rẹ̀ gùn ju ìtàn rẹ̀ lọ. Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé ní 1945 ni wọ́n dá ibùdó ìtọ́jú Ìgbóbì sílẹ̀ l'Ékòó, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìkòròdú, fún àwọn sọ́jà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àti pé ní 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, gboyè. Àwọn kan fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀: òyìnbó ló mú un wá. Àwọn mìíràn yarí, wọ́n ní agboolé àwọn tó ń to eegun ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí tí wọ́n sì máa ń fà yọ ni ti adìyẹ. Bí ato-eegun ilẹ̀ Yorùbá bá di ẹsẹ̀ aláìsàn tán, ó lè dá ẹsẹ̀ adìyẹ kan, kó to tòun náà, kó dì í, kó sì tú u sílẹ̀ sí àgbàlá. Gbogbo ojú a wà lára adìyẹ. Ọjọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa, wọn a tú igi ara aláìsàn, wọn a fi omi gbígbóná jó o, wọn a fi òrí pa á, wọn a ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọ̀mọ̀wé a máa fi èyí rẹ́rìn-ín, ó ní eegun adìyẹ yára so ju ti èèyàn lọ, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi adìyẹ ka ọjọ́ ti gbà pé ìsinmi ní òpin, pé lẹ́yìn ìdè, ìlò ló kù. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi máa tijú rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé adìyẹ ló bí ìdárayá èjìká. Eegun tó dá ni adìyẹ ń bá wọn wọ̀n. Èjìká tó yẹ̀ kò dá. Fífi agídí fà á padà sì ti ba iṣan ìmọ̀lára apá ẹlòmíràn jẹ́. Òyìnbó náà kò tètè rí i pé iṣan ló yẹ kí a kọ́ níṣẹ́. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ìwé ìṣègùn tí wọ́n kà sí ti Hippocrates ará Gíríìsì kọ́ni láti fi irin gbígbóná jó abẹ́ abíyá ẹni tí èjìká rẹ̀ ń yẹ̀ ṣáá, kí àpá lè fún ibẹ̀ pa. Ní 1923, Bankart, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé ètè ihò ló máa ń ṣí kúrò, pé kí wọ́n rán an padà. Irin ni o, abẹ́rẹ́ ni o, ihò ni àwọn méjèèjì ń wò. Ó di 1992 kí Burkhead àti Rockwood l'Amẹ́ríkà tó gbé ìṣirò tó ṣe kedere jáde lórí èjìká 140 tí wọ́n fi ìdárayá tọ́jú. Nínú 66 tí kì í ṣe ìjàǹbá ló fà á, 53 dára. Nínú 74 tí ìjàǹbá fà, 12 péré.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ko ìdárayá yóò di 12 yẹn mú. Kó dì í mú dáadáa, nítorí ó ń kọ́ wa pé ọ̀dọ́ tó já bọ́ lórí ọ̀kadà gbọ́dọ̀ rí dókítà eegun, kò gbọdọ̀ fi ìdárayá nìkan tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un pàápàá, ìdárayá yìí kan náà ni wọn yóò fi parí rẹ̀. Àwọn mìíràn ní aláìsàn yóò ṣe é sódì bí kò bá sí físíò lórí rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó kọ́kọ́ kọ́ ọ nílé ìwòsàn. Àmọ́ iṣan kì í le lọ́sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́ta sókè ni, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀, kò sì sí apẹja Ẹ̀pẹ́ tí yóò máa sanwó ọkọ̀ lọ sí Ìgbóbì tó bẹ́ẹ̀. Nílé ni iye ìgbà yẹn ti lè pé, fún olówó àti tálákà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni fídíò orí fóònù. Ọ̀dọ́ a wo ọkùnrin kan tó ń gbé irin sókè orí ní jíìmù, a ní òun náà ń tọ́jú èjìká. Apá tó gbé sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì yí sẹ́yìn ni ipò tí orí eegun ti ń bọ́ jáde! Ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ariwo nínú: kí èèyàn tẹ̀ síwájú, kí apá máa fì wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà, kó ká ìgúnpá, kó fi táwẹ̀lì tí a ká há abíyá, kó sì fi ọwọ́ ti ògiri láìjẹ́ kí apá kúrò lójú kan. Rọ́bà tí a so mọ́ ilẹ̀kùn ló kàn, kó fà á síta, kó fà á sínú, kó máa fún eegun ẹ̀yìn èjìká pọ̀. Rọ́bà aláràbarà tí wọ́n ń tà dára, àmọ́ túùbù kẹ̀kẹ́ tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì jọ mí lójú pé òun ni ọ̀pọ̀ ilé létí ọ̀sà fi bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀n ló kẹ́yìn: ọwọ́ òfìfo ni kí apẹja kọ́kọ́ máa fi ṣe bí ẹni ń jù ú, lẹ́yìn náà àwọ̀n gbígbẹ lórí ilẹ̀, kó tó di pé ó gbé èyí tí omi àti òjé ti mú wúwo.