Ìtọ́jú Ọsàn Gígé Nínú Ilé: Ìmọ̀ Ìbílẹ̀ àti Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Agbègbè Ararọ̀mí-Òwu

Ìṣọníṣókí

Ọsàn kì í tètè bàjẹ́ bí èèpo rẹ̀ bá wà lára rẹ̀ ní pípé, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, ó di ohun tí ó gba àmójútó. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ó fà á, ó sì fi ọgbọ́n àwọn ọlọ́sàn agbègbè Ararọ̀mí-Òwu, Ìkirè àti Àpòmù wé ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ. Kókó rẹ̀ ni pé ìmọ́tótó ṣáájú ọ̀bẹ ṣe pàtàkì ju fìríìjì lẹ́yìn ọ̀bẹ lọ, nítorí pé òtútù lè dá kòkòrò dúró, kò lè lé e jáde.

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ọsàn ní í kó póńpó bá ìyá rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ ìwà tí ó wà nínú òwe yìí, ó tọ́ka sí ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ká ọsàn. Ọsàn tí póńpó bà, tàbí tí ó já lu ilẹ̀ láti orí igi, ti gbọgbẹ́ kí ó tó dé ọjà.

Ní Ararọ̀mí-Òwu àti ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àgbẹ̀ kòkó pọ̀, igi ọsàn náà kò sì ṣọ̀wọ́n nínú oko àti ní ẹ̀yìnkùlé. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ sì ń bọ̀, ọsàn a pọ̀ lọ́jà, ìdílé a sì máa rà á lọ́pọ̀. Ìṣòro tí ó kù ni ti èyí tí wọ́n ti bó tàbí tí wọ́n ti gé tí wọn kò mu tán.

Dídóòlà èso kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn ará agbègbè yìí. Dòdò Ìkirè tí òkìkí rẹ̀ kàn jẹ́ ẹ̀rí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ ata, tí wọ́n ń fi epo pupa dín. Ṣùgbọ́n ọsàn kò ṣeé dín. Ọ̀nà ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀.

Èèpo Gẹ́gẹ́ bí Aṣọ Ọsàn

Ìpele méjì ni èèpo ọsàn ní. Èyí tí ó wà lóde ni ó ní àpò òróró wínníwínní, òróró yìí ni ó máa ń ta sí ènìyàn lójú nígbà tí wọ́n bá ń bó ọsàn. Èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni awọ funfun tí ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Àwọn méjèèjì ni kì í jẹ́ kí omi inú ọsàn gbẹ, tí wọ́n sì ń dí kòkòrò àìfojúrí lọ́nà. Irú olú wínníwínní kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Penicillium digitatum máa ń hù lára ọsàn, á funfun bí òwú, lẹ́yìn náà á di aláwọ̀ ewé bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e. Ojú ọgbẹ́ ni ó ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí ọsàn tí póńpó bà fi máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n wà nínú bí àwọn ọlọ́sàn ṣe ń bó ọsàn. Awọ òde nìkan ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ mímú hó kúrò yípo, wọn a fi awọ funfun sílẹ̀. Wọn kì í sì í gé orí rẹ̀ àfi bí oníbàárà bá fẹ́ mu ún. Awọ funfun yìí ṣì jẹ́ aṣọ fún ọsàn náà. Nítorí náà, ọsàn tí wọ́n bó báyìí máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n là sí méjì tàbí tí wọ́n ya ní awẹ́ awẹ́ lọ.

Ohun tí Ọ̀bẹ Ń Fà

Nǹkan mẹ́ta ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọsàn tí wọ́n gé. Èkíní ni pé ojú rẹ̀ a máa gbẹ, afẹ́fẹ́, ooru àti ìmọ́lẹ̀ a sì máa dín fítámìn C inú rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ara ènìyàn kò lè pèsè fítámìn yìí fúnra rẹ̀. Ní 1747, James Lind, oníṣègùn inú ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọsàn àti ọsàn kíkan tọ́jú àwọn atukọ̀ tí erìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, ara wọn sì yá.

Èkejì ni kíkorò. Èròjà kan wà nínú awọ funfun, nínú awọ awẹ́ àti nínú kóró ọsàn tí kò korò. Bí wọ́n bá fún ọsàn tí èròjà náà sì pàdé omi kíkan rẹ̀, á di limonin, èyí tí ó korò. Ìdí nìyí tí omi ọsàn tí ó dùn ní òwúrọ̀ fi lè korò ní ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ó léwu jù: kòkòrò àìfojúrí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kíkan ọsàn ti tó láti pa kòkòrò. Lóòótọ́, kíkan náà kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa gbogbo wọn. Ní 1995, ní Florida, àti ní 1999, ní ibi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn ènìyàn ṣàìsàn nítorí omi ọsàn tí wọn kò fi iná kàn. Salmonella, kòkòrò tí í fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, ni àwọn onímọ̀ bá nínú rẹ̀. Ọmọdé àti arúgbó ni irú àìsàn yìí máa ń wọ̀ lára jù.

Ìlànà Ìtọ́jú

Àkọ́kọ́ ni fífọ ọsàn pẹ̀lú èèpo rẹ̀ nínú omi tí ó mọ́ kí wọ́n tó bó o. Ìdọ̀tí tí ó wà lóde ni ọ̀bẹ ń gbé wọ inú. Fífọ̀ lẹ́yìn bíbó ti pẹ́ jù. Ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó ìgénǹkan gbọ́dọ̀ mọ́ bákan náà, ọ̀bẹ tí wọ́n sì fi gé ẹran tútù kò gbọdọ̀ kan ọsàn láìfọ̀. Omi tí àwọn kan ń wọ́n sára ọsàn bíbó kí ó lè máa dán lórí àtẹ lè di ọ̀nà àìsàn bí omi náà kò bá mọ́.

Èkejì ni kí ìdílé gé ìwọ̀n tí wọn yóò mu. Bí ìlàjì bá ṣẹ́kù, kí wọ́n da ojú rẹ̀ dé inú abọ́ mímọ́, kí wọ́n sì bò ó, tàbí kí wọ́n fi náílọ̀n tí ó mọ́ wé e pinpin. Afẹ́fẹ́ inú fìríìjì pàápàá máa ń gbẹ ọsàn, òórùn ẹja sì lè ràn án.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Ìmọ̀ràn tí àwọn elétò ìlera ń gbani ni pé kí èso gígé má ṣe wà níta ju wákàtí méjì lọ, tàbí wákàtí kan péré bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Fìríìjì tí kò gbóná ju ìwọ̀n 5 lọ lè tọ́jú ọsàn gígé tí wọ́n bò dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta.

Níbi tí Iná Mànàmáná Kò Dúró

Ìmọ̀ tí ó wà nínú àmù tí àwọn àgbà ń fi tọ́jú omi mímu wúlò níhìn-ín. Omi ń sun díẹ̀díẹ̀ jáde lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì ń tutù. Ìlànà yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, lò nígbà tí ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, tí ó sì fi iyanrìn tútù sí àárín wọn. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ní agbègbè Ararọ̀mí-Òwu, ìgbà ọyẹ́ ni yóò wúlò jù. Nígbà òjò, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Kò sì lè tutù tó fìríìjì. Nítorí náà, ọsàn odindi ni ó yẹ kí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ti gígé, mímu lójú ẹsẹ̀ ni ó dára jù.

Ìgúnlẹ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé ìmọ̀ ìbílẹ̀ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò takora lórí ọ̀rọ̀ ọsàn. Ohun tí ọwọ́ ọlọ́sàn mọ̀ nípa awọ funfun ni sáyẹ́ǹsì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èrò pé kíkan ń pa gbogbo kòkòrò nìkan ni ó yẹ kí àwọn ènìyàn jáwọ́ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé àwọn ọmọ náà ni wọ́n sábà máa ń rán lọ ra ọsàn, àwọn náà sì ni wọ́n sábà máa ń bó o. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bó o, kí wọ́n gé ìwọ̀n tí wọn yóò mu, kí wọ́n sì bo èyí tí ó bá ṣẹ́kù.